Aṣọ Hírámì Tí Kò Dé Aráfà

Ó tó àkókò wàyí kí òtítọ́ jáde nípa aṣọ hírámì Yahya, nítorí pé irọ́ tí a fi bò ó ti fẹ́ bá obìnrin olóòótọ́ kan wọ sàréè. Fàsásì ni ó hu ìwà náà, ẹnjinníà ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Jẹ́ddà, tí ó sì ń gbé ní àdúgbò Al-Ruwais. Ìgbà Hájì ọdún 2024 ni ó hu ú. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ó jẹ́wọ́ rẹ̀, nínú yàrá opó Yahya ní àdúgbò Ghulail.

Ọmọ Yorùbá ni Yahya, ṣùgbọ́n Jẹ́ddà ni a bí i sí, nítorí pé bàbá rẹ̀ àgbà wá sí Hájì, kò sì padà sílé mọ́. Iṣẹ́ alágbàrù ni ó ṣe ní èbúté títí ó fi kú. Ìgbà Hájì gan-an ni àwọn ọkọ̀ ojú omi máa ń kó àgùntàn Iléyá dé; nítorí náà, lọ́dọọdún ni Yahya ń já àgùntàn sílẹ̀ fún àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì rí àyè lọ, bẹ́ẹ̀ ni Mẹ́kà kò jìnnà sí ilé rẹ̀ rárá. Ó ti ra aṣọ hírámì, aṣọ funfun méjì tí ọkùnrin ń ró lọ sí Hájì, ó sì ká a sínú àpótí. Ọdún tí ń bọ̀ ni ó máa ń dá. Inú àpótí ni aṣọ náà wà tí ikú fi dé. Yahya yìí kan náà ni ó gba Fàsásì sílé nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Jẹ́ddà, tí kò mọ ẹnì kan, tí kò sì gbọ́ èdè Lárúbáwá.

Ẹ̀sìn gbà kí ẹni tí ó ti ṣe Hájì tirẹ̀ ṣe òmíràn ní orúkọ ẹni tí ó ti kú. Fàsásì ti ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Mabruka, opó Yahya, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe é fún ọkọ òun, ó dọ̀bálẹ̀ ó ní òun gbà. Ìyá náà gbé aṣọ hírámì lé e lọ́wọ́. Ó ní, “Fàsásì ọmọ mi, bí o bá dé Aráfà, pe orúkọ rẹ̀ ketekete. Ojú máa ń ti Yahya láti tọrọ nǹkan fún ara rẹ̀.” Ìjọba fún Fàsásì ní ìwé àṣẹ Hájì. Kò sí ohun tí ó dí i lọ́nà. Kí a wí i báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a wá àwáwí.

Ìsinmi Hájì gùn ní Jẹ́ddà, àwọn ọ̀mọ̀wé àjèjì a sì máa lò ó láti rìnrìn àjò. Ní ọdún náà, Ṣínà, ẹnjinníà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti ṣètò ìrìn àjò sí ilẹ̀ Kambódíà, níbi tí afinimọ̀nà yóò ti mú wọn yí ká àwọn tẹ́ḿpìlì tí àwọn ará Khmer kọ́ láyé àtijọ́. Ẹnì kan yẹ̀ nínú wọn, àyè kan sì ṣófo. Láti kékeré ni Fàsásì ti rí àwòrán ilé gogoro Angkor nínú ìwé kíkà rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà síbẹ̀. Ó sọ ti Yahya fún Ṣínà. Ṣínà ní Mẹ́kà kò kúkú fẹ́ sá lọ, kí ó ṣe é ní ọdún tí ń bọ̀. “Àbí olóògbé yóò béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹ ni?” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Fàsásì ni ó ròkè jù.

Lójú Jelilat, ìyàwó rẹ̀, ni ó ti gbé aṣọ hírámì jáde nílé bí ẹni tí ń lọ sí Mẹ́kà. Ìsàlẹ̀ báàgì ni ó fi í sí títí ó fi dé Kambódíà.

Ní ọjọ́ Aráfà, ọjọ́ tí àwọn alálàájì ń dúró ṣe àdúà ní pápá Aráfà, Fàsásì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé tẹ́ḿpìlì tí ó tóbi jù. A fín ìdájọ́ sára ògiri òkúta gígùn kan: adájọ́ jókòó, a sì ń fi okùn tí a so mọ́ imú wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Afinimọ̀nà wọn ní oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, tòun ti ìyà rẹ̀. Fàsásì fi ẹ̀rín bi í pé níbo ni ti àwọn tí ó da àmánà, tí a fi nǹkan sí ìkáwọ́ wọn tí wọ́n sì dalẹ̀, wà. Ọkùnrin náà ní, “Ògiri yìí gùn, ọ̀gá. A ó kàn án níwájú.” Oòrùn mú. Fàsásì na ìgò omi sí i, ó kọ̀ ọ́. Ó ní Mùsùlùmí ni òun, òun sì ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Aráfà. Ó wá béèrè ibi tí Fàsásì ti wá. Nígbà tí ó gbọ́ Jẹ́ddà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ó jọ̀wọ́ kí ó máa rántí òun nínú àdúà bí ó bá padà dé ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kà. Kò bi í ní ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tí kò bi í ni Fàsásì ń gbọ́ títí tí wọ́n fi jáde.

Ojú ìbá tì í, kí ó sì dúró síbẹ̀. Kò dúró. Lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì náà, ó mú aṣọ hírámì Yahya jáde nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ yí i nínú erùpẹ̀ pupa kí ó lè dà bí aṣọ tí a lò. Ṣínà tí ó ń wò ó kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó máa dé ibí yìí. Fàsásì wá onígbàjámọ̀ lọ, ó fá orí bí alálàájì. Ó padà sí Jẹ́ddà, ó ra omi sámúsámù, omi kànga Mẹ́kà tí alálàájì máa ń gbé bọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Ghulail.

Mabruka kò wo omi. Ó ní, “Ǹjẹ́ o pè é?”

Fàsásì ní, “Mo pè é, Ìyá. Ketekete.”

Èyí ni ó burú jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣe. Ìyá náà sunkún ayọ̀, ó fi aṣọ náà nu ojú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí a fọ̀ ọ́, nítorí pé ó gbà pé erùpẹ̀ Aráfà ni ó wà lára aṣọ náà. Àwọn ará Ghulail pé jọ, wọ́n yin Fàsásì lójú gbogbo ayé, wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Ó jókòó, ó gbà á.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí a wí yẹn, àìsàn ti dá Mabruka gúnlẹ̀. Àwọn ènìyàn kún ẹnu ọ̀nà àti àgbàlá láti wá kí i. Àlàájì Raheem, àgbà àwùjọ wọn, wà nínú yàrá pẹ̀lú Fàsásì àti Reem, ọmọ ìyá náà. Mabruka ní kí Reem mú aṣọ hírámì wá. Ó ní aṣọ náà ni kí a fi ṣe aṣọ òkú òun, kí erùpẹ̀ Aráfà lè bá òun lọ bá Yahya.

Fàsásì rí àbàwọ́n pupa náà. Ó ní kí wọ́n má fi wé e. Ó ní aṣọ náà kò dé Aráfà; ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì àwọn ará Khmer ni erùpẹ̀ yẹn ti wá, òun sì ni ó fi ẹsẹ̀ òun yí i. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì ti ẹ̀bi sí Ṣínà lọ́rùn. Reem fi èdè Lárúbáwá bú u, ó sì ká aṣọ náà kúrò lára ìyá rẹ̀.

Mabruka ní, “Nígbà náà, ọkọ mi ṣì ń dúró.”

Fàsásì dojú bolẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun lọ lọ́dún yìí. Ìyá náà ní, “Ìwọ kọ́.” Àlàájì Raheem ní òun ti gba ìwé àṣẹ, òun sì ti ṣe tòun tipẹ́, òun yóò ṣe tọdún yìí fún Yahya. Ó wá rọra fi kún un pé, ní ti Fàsásì, kí ọ̀rọ̀ náà parí sínú yàrá, nítorí pé Ọlọ́run fẹ́ kí á bo àṣírí ara wa.

Fàsásì gbé orí sókè. Ó ní, “Àlàájì, ìta ni wọ́n ti yìn mí.”

Mabruka wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti jẹ́wọ́. Kò wí pé òun dárí jì í, kò sì wí pé òun kò dárí jì í. Ó yíjú sí Raheem.

“Ẹ pè é, Àlàájì,” ni ó wí. “Ketekete.”

Àlàájì Raheem ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin tí ó jókòó ní àgbàlá dìde, àwọn obìnrin dákẹ́ àdúà. Ó ní Hájì Yahya kò tíì di ṣíṣe, pé ẹni tí ó gba àmánà rẹ̀ kò dé Mẹ́kà, àti pé irọ́ ni ó gba ìyìn lé lórí níwájú wọn. Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, “Ta ni?”

“Fàsásì ni,” ni Àlàájì Raheem wí. “Fàsásì, ẹnjinníà, ará Al-Ruwais. Òun náà nìyí lẹ́yìn mi.”