Ààrò Tó Fẹ̀ Ju Ọkọ̀ Lọ

Ní Igbókòdá ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ìyá kan kọjú sí jórinjórin kan tí iléeṣẹ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí nǹkan le.

"Àbí ìwọ lo ṣe ààrò ẹja tó fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ?"

"Èmi ni, Ìyá. Irin rẹ̀ ló gba owó tó kù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí kò gba inú ọkọ̀, mo jókòó sí èbúté, mò ń sunkún."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ìlàjẹ gbàgbé ọkọ̀! Ẹ gbà mí o!"

"Ni mo bá gé e sí mẹ́rin, mo fi nọ́ọ̀tì so ó pọ̀, kó lè ṣeé tú. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń yan ẹja ní Aráròmí ń béèrè báyìí."

Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọlọ́run mà tóbi o! Ẹkún lo rò pé ò ń sun, àṣé iṣẹ́ ni Ó ń kọ́ ọ."

N kò mọ ìgbà tí èmi tí mo jókòó tì wọ́n ṣí fìlà lórí fún Ọlọ́run.