A Kàn Ń Tẹ̀ Ẹ́ Ni

Mo jókòó ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, mò ń dúró de káàdì ìkómọ wa, ni ìyá kan bá já wọlé, ó nawọ́ sí páálí kan tó kún fún èdè Ṣáínà.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ tẹ èyí?"

"Àwa ni, mà."

"Ọlọ́run ṣeun! Ẹ dákun, ìyàwó ọmọ mi ń rọbí ní Ṣáínà. Ọmọ Vietnam ni, kò gbọ́ èdè wọn. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ mi tó máa ń túmọ̀ fún un ṣì wà nínú bàálù, fóònù ẹ̀ ò lọ."

"Mà, ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì lẹ ń wá yẹn."

"Kí ẹ ṣáà gbọ́ ti dókítà ná."

"A kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, mà. A ò lè kà á. Mo ti dorí ẹ̀ kodò rí, gbogbo páálí ti jáde tán kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá tó pariwo."

Ìyá náà gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ohùn tí ìyàwó ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi lédè Vietnam nìyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bóyá ó ní kí wọ́n la òun. Bóyá ó ní kí wọ́n má la òun."

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ. Gbogbo wa sún mọ́ fóònù náà, a tẹ́tí bí ẹni pé á yé wa.