Agolo Òrí àti Agolo Ọta

Ẹ bá mi hó yèè sí Jésù! Ẹ tún un hó, ti àkọ́kọ́ yẹn ò tíì dé òkè! Halelúyà! Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń rí mi tí mò ń rìn síwá sẹ́yìn níbi tí mo dúró sí yìí, ẹ má bínú. Ara mi ò tíì balẹ̀ tán. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu mi.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Ìbùkún, pánẹ́bítà tí sọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi Mùfú, tó ń fi mọ́tò kó èrò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbé mọ́tò rẹ̀ wá bá mi. Àwọn adigunjalè ti dá a lọ́nà. Ihò mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn iwájú. Mo ti ìka bọ ọ̀kan, ó yọ sí òdì kejì, ó lọ kan fóòmù àga. Mùfú ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí ni èrò mi sá pamọ́ sí o. Ó rò pé irin ni. Itan ni ọta ti bá a." Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ wa kejì. Mo ń rò ó pé, bí wọ́n bá ká wa mọ́lé ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi gba ìdílé mi sílẹ̀? Ni mo bá lọ ra ìbọn ìléwọ́ kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Èmi tí mò ń gbé àgbélébùú síwájú yín lọ́jọ́ Ìsinmi! Mi ò gbàwé ìjọba, mi ò sọ fún Ìyá Àdúrà, mi ò sọ fún ìyàwó mi. Olúwa, ṣàánú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lẹ́yìn sọ́ọ̀bù, nítòsí ilé mi, níbi òkìtì iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Mo gbé ògbólógbòó ilẹ̀kùn mọ́tò dúró, mo yìnbọn sí i. Ó kọjá. Mo jó irin pẹlẹbẹ mìíràn mọ́ ọn, mo tún yìn ín. Ọta tí alágbẹ̀dẹ ṣe fúnra rẹ̀ há sínú irin, àmọ́ ọta òyìnbó kọjá wẹ́rẹ́. Mo gbé tábìlì sí i, ó kọjá. Mátíráàsì, ó kọjá. Àpò yanrìn nìkan ló dá a dúró, ta ló sì ń gbé àpò yanrìn kiri? Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, ńṣe ló ń burú sí i. Mo di ẹni tó ń fọwọ́ kan ògiri ológiri wò bóyá ó lè dá ọta dúró. Ẹ̀yin ará, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín yìí, wòlíì ń wàásù, èmi ń rò ó pé pákó yìí ò lè dá ọta kan ṣoṣo dúró! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọta tó kù àti ẹ̀tù ìbọn tí mo dì sínú bébà, inú agolo mílíìkì ni mo kó wọn sí. Mo fi àkísà há a kó má bàa máa ró. Mo gbé e sórí pẹpẹ nínú yàrá, láàrin àwọn agolo mílíìkì tí ìyàwó mi ń kó nǹkan ìtọ́jú ọmọ sí. Mo ní, ta ló máa wá ọta láàrin agolo?

Ìyá ìyàwó mi, Màámi, ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa bá wa wẹ ọmọ. Wọ́n gbọ́ ìró ìbọn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Bàbá Ìbùkún, kí lẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn sọ́ọ̀bù tó ń dún báyẹn? Ọmọ ń ta gìrì." Mo ní, "Táyà ló bẹ́, Mà." Wọ́n kàn wò mí. Wíwò yẹn bí mi nínú.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àdúrà ríran sí mi níbí. Èmi ò wá sí ìsìn. Bùọ̀dá Akọ̀wé kọ ìran náà sínú bébà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé: "Ota wa ninu ile re. Mu un kuro kia." Ẹ kúkú mọ Bùọ̀dá Akọ̀wé, wọn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi kà á ní ọ̀tá! Ọ̀tá wà nínú ilé mi! Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú ilé? Ta ló ń wò mí wò mí?

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró síwájú ìyá tó ń wẹ ọmọ mi, mo ní, "Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀, Mà. Ọ̀tá ilé mi lẹ jẹ́. Ẹ máa lọ sílé yín." Màámi gbé ọmọ lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Ó dáa. Ẹ ṣé." Ìyàwó mi ló bú sẹ́kún: "Bí ìyá mi bá jẹ́ ọ̀tá, èmi tí wọ́n bí ńkọ́?" Ló bá di ẹrù tiẹ̀ náà, ó pọn ọmọ, ó fa Ìbùkún lọ́wọ́, gbogbo wọn wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi wọ aṣọ funfun mi, mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni mo ti ní kẹ́ ẹ bá mi yọ̀, pé ìyá ìyàwó mi tó jẹ́ ọ̀tá ilé mi ti lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ tún kọrin.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, nítorí wọn ò sí níjókòó nígbà tí mò ń jẹ́rìí. Wọ́n ní, "Ọ̀tá wo?" Mo ní ìyá ìyàwó mi ni. Wọ́n fò dìde. "Jésù! Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ọ̀tá? Ọta ni mo wí! Ọta! Mo rí ọta ìbọn nínú agbo ilé rẹ, iná sì ń jó lábẹ́ rẹ̀!"

Mo sáré délé. Mo gbé agolo orí pẹpẹ, mo ṣí i. Òrí ni mo bá! Òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára! Agolo òrí àti agolo ọta jọra, Màámi ti gbé ọta lọ, wọ́n rò pé òrí ni. Ẹ̀yin ìyá, nínú ọyẹ́ yìí, bí òrí bá dì, kí lẹ máa ń ṣe sí i? Ẹ ti mọ̀! Ẹ̀bá iná lẹ̀ ń gbé e sí kó lè yọ́! Mo kígbe, "Baba, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tíì wẹ ọmọ!"

Mùfú ló gbé mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Sùbùhánàlláhì!" Ó tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà. "Kí lẹ̀ ń sá fún?" Mo ní, "Ọ̀gá, ìyá ìyàwó mi fẹ́ dáná!" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ìyá ìyàwó tìrẹ nìkan ló ń dáná ni?" Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Ó ní ká máa lọ.

A dé ilé wọn nítòsí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀. Omi ìwẹ̀ ti gbóná. Ọmọ wà níhòòhò lórí itan Màámi lẹ́bàá ààrò. Agolo náà wà láàrin ẹyín iná! Mi ò rí àkísà, mi ò rí igi. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbé e, mo sáré jáde, mo rì í bọ garawa omi. Ó ké ṣààà. Kò bẹ́! Mo ní kò bẹ́! Ọ̀kan ṣoṣo ò bẹ́ nínú wọn! Ẹ yin Olúwa! Ẹ ṣé, Baba! Ẹ ṣé o!

Màámi yọjú wo inú garawa. Ọta ti tú kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Táyà yẹn rèé?"

Dókítà tó di ọwọ́ mi ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá nínú iná?" Mo ní, "Ìdílé mi ni, Dókítà." Ìbọn yẹn ńkọ́? Mùfú ló bá mi fi òòlù lù ú títí kò fi jọ ìbọn mọ́. Adigunjalè ò tíì tán lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí nígbà mìíràn. Àmọ́ mo ti ń sùn.

Ìwọ tó wà níjókòó tí ọkàn rẹ ò balẹ̀, tó o ti ń ṣọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun nítorí ìran, padà lọ bi aríran léèrè. Bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run tó yọ mí yóò yọ ọ́. Bùọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa fi àmì sí i!

Ìyàwó mi ti padà wálé. Màámi ti gba ẹ̀bẹ̀ mi nílé, àmọ́ ojú yín níbí ni mo ti bà wọ́n jẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lónìí. Àwọn ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi gèlè bojú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ yà lọ́nà fún mi. Màámi, ẹ má dìde. Ẹ jókòó síbẹ̀, Mà. Èmi ni mò ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀.