Orí Ọkọ̀ Wà ní Ìlọrà, Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wà ní Fìdítì

Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́. Bí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á pe ará ilé míì kó wá gbé e kúrò, á sì kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń kàwé lára rẹ̀. Àbúrò mi Làtí, tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n, ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Ìlọrà pé mo ti gbé ogún ìdí igi wa fún ẹlòmíì. Àwọn tí ò mọ bó ṣe jẹ́ rò pé ilẹ̀ ni, tàbí ilé. Ẹnì kan tiẹ̀ dá mi dúró lọ́nà mọ́ṣáláṣí, ó ní ṣé wọ́n ti sanwó tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo. Ohun tí mo gbé jáde nílé ò gùn ju apá mi lọ. Irin ni. Orí ọkọ̀ rélùwéè ayé àtijọ́ ni, irú èyí tó ń jẹ èédú tó ń tú èéfín, tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kékeré rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má wojú mi. Èmi náà ti rín tèmi.

Rélùwéè ni bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn. Àtìgbà tó ti ń fi ṣọ́bìrì ju èédú sínú iná títí ó fi di ẹni tó ń wa ọkọ̀ gan-an, kò mọ iṣẹ́ míì. Bẹ́ẹ̀, rélùwéè kò gba Ìlọrà kọjá rí, kò sì gba Fìdítì. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tó wálé, ńṣe ló dà bí apẹja tó lọ kọ́lé sórí àpáta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbin iṣu, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó. Bàbá mi náà fẹ́ ìyàwó o, ìyẹn ò yẹ̀ lórí rẹ̀, ó fẹ́ ọ̀kan sí Fìdítì. Ṣùgbọ́n dípò kó lọ sóko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó idẹ àti páànù jọ, ó ń fi wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ tó ti wà rí. Kì í ṣe irú èyí tí à ń rà fọ́mọ lásìkò Iléyá tí kì í pé ọjọ́ kẹta. Á wọkọ̀ lọ sí ibi tí àwọn òkú ọkọ̀ rélùwéè sùn sí nínú igbó, á mú okùn àti rúlà dání, á máa wọn ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí télọ̀ tó ń wọn ọkọ ìyàwó. Bó bá délé tó ṣe é tán, tí ẹsẹ̀ kan bá fi ìwọ̀n irun orí tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ó sì máa ń sọ ọ́ pé ọkọ̀ ò jọra, bí èèyàn ò ṣe jọra. Ó ṣe kékeré olórí kunkun tó ń ti wágùnù káàkiri àgbàlá rélùwéè, tó gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí obìnrin tó fi báàgì kọ́ apá lọ́tùn-ún lósì. Ó ṣe ẹlẹ́sẹ̀ jáńtirẹrẹ tó ń ru ẹ̀pà bọ̀ láti Òkè Ọya. Ó ṣe tìnrín tó ń kó èrò. Ó wá ṣe ńlá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ wà kó tó di pé wọ́n pa iná eléèédú. Ìyẹn kì í jóná, ṣùgbọ́n bí o bá tì í, àwọn apá irin tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, bíi ti gidi. Lára ikùn ọkọ̀ tòótọ́, irin kan ti gbó rí, wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn. Bàbá mi lẹ irin mọ́ ikùn èyí tó ṣe náà níbi kan náà. Ìyá mi a máa sọ pé, “Ìyàwó mẹ́ta ni ọkọ mi fẹ́. Ẹ̀kẹta ò jẹun, kò bèèrè aṣọ, òun ló fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.”

Bàbá kú, a ṣe àdúrà rẹ̀, ó wá di ọjọ́ tí wọ́n máa pín ogún. Ìdí igi méjì ni wá: ti ìyá mi tó jẹ́ ìyálé ní Ìlọrà, àti ti ìyàwó tó wà ní Fìdítì. Ilé, ó rọrùn. Oko tó wà lọ́nà Ìwàrè, ó rọrùn. Ìgbà tó kan àwọn ọkọ̀ irin ni ọ̀rọ̀ dà rú, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó máa ń pín ẹran Iléyá wa lọ́dọọdún, ló gba iṣẹ́ náà. Ó tò wọ́n sórí ẹní bí ẹni to itan àti ìhà. Àwọn kékeré kò dá ìjà sílẹ̀, méjì fún ìyálé, ọ̀kan fún ìyàwó. Ó wá ku ńlá. Bàbá Kékeré wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó rí i pé ó ní oríkèé, inú rẹ̀ dùn. Ṣé ẹ rí i, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn. Kẹ̀kẹ́ kan máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn tó ń gbé èédú àti omi rẹ̀, téńdà ni bàbá mi ń pè é. Láìsí i, ọkọ̀ ò ní oúnjẹ, kò ní omi. Bàbá Kékeré fa ìdè tó so wọ́n pọ̀ yọ, ó ní orí fún ìyálé, ẹ̀yìn fún ìyàwó.

Gbogbo ilé kan sáárá sí i. Wọ́n ní ọgbọ́n Ànábì Sùlèmọ́nù ló lò. Mo ní Sùlèmọ́nù kàn fi idà dẹ́rù ba àwọn obìnrin yẹn ni, kò gé ọmọ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nílé wa, bí obìnrin bá sọ òótọ́, wọ́n á ní ó láwàdà.

Kò pẹ́ tí èyí tó ń ru ẹ̀pà fi di ohun tí Làtí fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má baà gbá a. Olórí kunkun sọnù sínú iyanrìn àwọn tó ń kọ́lé. Ti Fìdítì náà, mo gbọ́ pé apá tìnrín ti kán. Orí ńlá nìkan ló kù, lórí àpótí aṣọ ìyá mi, ó ta gèlè bò ó. Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì kú síbẹ̀, eyín ló jí i. Eyín mi kan ń dà mí láàmú, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Ìbàdàn, mo ya ẹnu kalẹ̀, ni mo bá rí àwòrán ọkọ̀ rélùwéè lára ògiri. Tọwọ́tọwọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu mi, mo ní, “Èyí wà nílé wa.” Ó gbàgbé eyín mi.

Ó mú mi lọ sí ibi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kó ọkọ̀ rélùwéè kékeré jọ ti ń pàdé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan. Àgbààgbà ọkùnrin, ọ̀kan nínú wọn ti ṣe adájọ́ rí, tó fi àyà lélẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kékeré, tó ń fi ẹnu ṣe fàkàfíkì. Mo ní háà, irú èyí ló ń rán ọmọ ọlọ́mọ lẹ́wọ̀n. Wọ́n ní oríṣiríṣi ọkọ̀ eléèédú, ti ilẹ̀ òyìnbó kún orí pẹpẹ, pupa, àwọ̀ ewé, dúdú. Èyí tó gba ilẹ̀ tiwa kọjá nìkan ni wọn ò ní. Ìgbà tí mo gbé ti bàbá mi dé, dókítà fi gíláàsì wò ó, ó ka orí ìṣó ara rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àtijọ́. Ó bi mí pé kí ni irin tí wọ́n lẹ̀ síkùn rẹ̀ yìí, mo sọ fún un. Adájọ́ dìde nílẹ̀. Wọ́n ní ohun gbogbo pé, àwọn máa gbé e sáàárín, àwọn á kọ orúkọ bàbá mi sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ní téńdà rẹ̀ dà?

Dókítà mú òmíràn wá láti orí pẹpẹ, ti òyìnbó. Ó so ó mọ́ ọn, ó bọ́ síbẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Mo ní, “Dókítà, bẹ́ ẹ bá yọ eyín mi, ẹ ó fi eyín ewúrẹ́ dí i torí pé ó funfun?”

Mo gbé orí ọkọ̀ mi, mo wá sílé. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: kí ọkọ̀ bàbá mi tún pé, kó tó di pé èyí tó kù náà di ohun ìdálẹ̀kùndúró. Mo kọ́kọ́ rán Bàbá Kékeré sí Fìdítì kó gba téńdà wá, ó lọ pàṣẹ, ó padà pẹ̀lú ọsàn. Mo rán ẹlòmíì, ọsàn náà ló gbà bọ̀. Mo wá bu omi mu, mo lọ fúnra mi.

Ìyá Fìdítì kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Ọsàn ló ń tà níwájú ilé rẹ̀. Torí pé wọ́n ti bí mi kó tó wọlé bàbá mi, kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi, Eyínmẹ́nugún ló ń pè mí. Ó tẹ́ní fún mi, ó bó ọsàn fún mi. Mo rí téńdà lójú fèrèsé, ó ń dán, ó kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ òun ni bàbá mi ti ṣe é, pé òun ni òun ń di etí irin kan mú tó bá ń jó o pọ̀ mọ́ ìkejì, àpá iná sì wà lọ́wọ́ òun títí dòní. Ó fi hàn mí. Mo rántí pé ní Ìlọrà, ìyá mi ló di etí irin mú fún ti orí. Ọkùnrin yẹn! Ó ṣe ìdajì sílé ìyàwó kan, ó ṣe ìdajì sílé èkejì, ó sì wọ̀n ọ́n débi pé wọ́n bára mu.

Mo ní kó fún mi kí n lọ so wọ́n pọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

“Eyínmẹ́nugún, ìyálé mi gba orí ilé, ó gba orí oko, mi ò jà. Àwa la máa ń tẹ̀ lé yín lẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ jẹ́ kí orí wá ẹ̀yìn wá.”

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Mo ní obìnrin yìí lágídí. Ṣùgbọ́n mo dé Ìlọrà, mo wo Làtí tó ń fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ ẹlẹ́pà sí ìdí ilẹ̀kùn, mo bi ara mi léèrè pé kí ni mo ń ṣọ́ gan-an? Ṣé ọkọ̀ ni, àbí ẹ̀tọ́ ìyálé? Mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ gbé e lọ wò bóyá ó ṣì bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ó ní kí n má pẹ́. Mo wọ máíkírà, mo gbé e lé itan bí ọmọ ìkókó. Dẹ́rẹ́bà ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, kí n sanwó ẹrù. Mo ní bàbá mi ni, mo ń mú un lọ sílé ìyàwó rẹ̀ kékeré. Ó ń fi dígí yọjú wò mí títí a fi dé Fìdítì.

Ìyá Fìdítì kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ kúrò. A gbé méjèèjì sórí pákó. Mo ti ìdè bọ ihò, ó wọlé, kò há, kò mì. Ó fi ìka kan tì í, apá irin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, téńdà ń tẹ̀ lé e. Èmi náà tì í. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo fọwọ́ kan ìdè láti fà á yọ, ọwọ́ mi kọ̀ fún mi. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ sójú fèrèsé. Mo wálé lọ́wọ́ òfo.

Ìyá mi wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ó ní, “O gbé orí ilé mi fún orogún mi.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Mi ò jiyàn. Òótọ́ ni pé ogún tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi, n kò sì gba àṣẹ kí n tó fi sílẹ̀. Làtí pe ìpàdé ẹbí. Bàbá Kékeré ní kí n lọ gbé e wá kí òun tún un pín. Mo ní bó bá jẹ́ ẹran ló ń wá, kó dúró de Iléyá. Wọ́n lè pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, mo ti jókòó sórí ọ̀rọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó máa fa ìdè yẹn yọ mọ́ lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ bàbá mi kó lọ sí Fìdítì. Dókítà àti adájọ́ ti lọ, wọ́n ti dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì obìnrin náà, wọ́n sì ra ọsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọlọ́wọ́ iṣẹ́ nílé, tó ń ṣe ohun tí ẹ ò lórúkọ fún, ẹ bi í léèrè nígbà tó wà láyé ohun tó jẹ́, àti ohun tí ò gbọdọ̀ yà kúrò lára ohun kejì. Ẹ má dúró de àwọn tí wọ́n mọ ẹran pín.

Ní tèmi, ìmọ̀ràn ni mo ń wá, kì í ṣe àánú. Ní àárọ̀ àná, mo gbé ẹ̀kọ síwájú ìyá mi, mo ti ń yí padà kí n má baà rí i bó ṣe máa kọ̀ ọ́. Láìkúrò lójú ògiri, ó ní, “Ṣé ó wọ̀?”

Mo ní, “Ó wọ̀, Màmá. Kò mì rárá.”

Kò jẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè bóyá ó wọ̀, ọkàn rẹ̀ ti dé Fìdítì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi wá ọ̀nà tí mo lè gbà gbé ìyókù ara rẹ̀ dé ibẹ̀.