Oòrùn Tí Mo Fi Láfún Bò

Nígbà tí mo ṣì ń rìn láìmú ọ̀pá, orí àpáta la ti ń sá láfún ní Ìlerò níbí. Ẹni tó bá tètè jí ló ń rí ibi tó dáa. Ìyá mi a ní, "Dìde, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ tó gba oòrùn wa." Ẹ gbọ́, oòrùn là ń bára wa jà sí nígbà náà...

Bó bá gbẹ, a ó rù ú lọ síbi ẹ̀rọ tí bàbá àgbà yín fi ń lọ̀ ọ́, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Epo dísù lẹ̀rọ yẹn ń mu. Ó ń mu ú bí ọ̀mùtí, a sì máa tu èéfín sí gbogbo wa lára. Bí epo bá wọ́n, kálukú á gbé láfún rẹ̀ padà sílé.

Rúkà yìí, tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ló lọ kọ́ṣẹ́ sólà tó ń sọ oòrùn di iná ní Ṣakí... kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Rúkà, má yọ ara rẹ kúrò... òun ló ní ká pààrọ̀ ẹ̀rọ bàbá. Mo kọ̀. Àfìgbà tí ọmọ mi tó wà lókè òkun sọ lórí fóònù pé lọ́dọ̀ tàwọn, wọ́n ń ti ilé iṣẹ́ iná tó ń jó èédú pa, pé ti oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ kún un, àti pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, ibi tí yìnyín ti ń bọ́? Àwọn ń kó oòrùn, àwa tí oòrùn ń jó lórí ń ra epo? Bí mo ṣe gbà nìyẹn.

Rúkà to pátákó sólà rẹ̀ sórí irin lẹ́yìnkùlé, kò ga ju ìbàdí mi lọ, ó sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tuntun. Ọjọ́ ọjà la fẹ́ kọ́kọ́ lò ó. Bàbá Sùlé tó ń ta dísù gbé àga tirẹ̀ wá wòran. Ó ní bí oòrùn bá lè lọ láfún, òun á fi irùngbọ̀n òun gbálẹ̀ ilé ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ dún... ó rẹlẹ̀... ó kú. Rúkà tú wáyà, ó tún un so. Òógùn bò ó. Àwọn obìnrin ti ń gbé igbá wọn. Bí iṣẹ́ yẹn bá bàjẹ́ lójú ọjà, ta ni yóò tún gbéṣẹ́ fún ọmọ náà ní gbogbo Òkè-Ògùn?

Ó lọ sẹ́yìnkùlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó padà wá, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí, "Ìyá Àgbà, ta ló sá láfún sórí sólà?"

Èmi ni. Mo jí ní kùtù hàì, mo rí nǹkan tó mọ́, tó dán, tó kọjú sóòrùn, tí ẹnìkan ò tíì gbà... Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Àpáta ni mo kà á sí.

Rúkà ò fẹ́ kójú tì mí. Ó ń sọ fún wọn pé wáyà kan ló tú. Mo ní rárá o. Mo dìde láàárín wọn, mo ní, "Iṣẹ́ ọmọ mi dáa. Èmi ni mo fi láfún bo oòrùn rẹ̀."

Ẹ̀rín pa ọjà. Bàbá Sùlé fúnra rẹ̀ ló bá wa kó láfún kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A nu pátákó. Ẹ̀rọ bú ramúramù, èéfín ò jáde níbì kankan. A lọ̀ títí ọjà fi tú.

Láfún tèmi? Mo gbé e lọ sórí àpáta. Ọjọ́ ọjà kejì la lọ̀ ọ́. Oòrùn tó mú un gbẹ náà ló lọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ohun tuntun bá dé, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó gbé e wá léèrè ohun tí a kì í gbé sórí rẹ̀. Bàbá Sùlé ò tíì fi irùngbọ̀n gbálẹ̀ o. Ó ní kí Rúkà kọ́kọ́ wá wo òrùlé òun, bóyá sólà yóò gba ibẹ̀. Ìyá mi ì bá wà láyé... kò ní sáré jí mi mọ́. Oòrùn náà ti kárí.