Àṣẹ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Òṣùwọ̀n

Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Mo ti rán Ṣèyífúnmi lọ sọ́dọ̀ Màámi ní Mowé, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú etí bàbá rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì pé ogún, ó ti bá mi. Nígbà tí Mùsáfírù, ọ̀rẹ́ yín ti Ifọ̀, wá lẹ́yìn ìsìn òní, tó ní òun ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tara òun, pé kí ẹ wá kí ẹ jọ máa tún òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ èsì yín láti kíṣìnì. Ẹ ní, “Mùsáfírù, o ṣeun, àmọ́ iṣẹ́ yẹn ti kọ̀ mí. Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.” Ó ní òun á retí ìpè yín títí di ìrọ̀lẹ́, kí òun tó mú ẹlòmíì. Ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Ṣèyí, iṣẹ́ kò kọ̀ yín rárá. Èmi ìyàwó yín ni mo bà á jẹ́.

Ẹ rántí ọdún 2004, nígbà tí mò ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ilé àyẹ̀wò omi Ọ̀gá Olúsànyà ní Ìbàfò, tí ilé iṣẹ́ yín rán yín wá láti Ifọ̀ kí ẹ gbé òṣùwọ̀n tuntun kalẹ̀. Ẹ fa wáyà láti yàrá inú wá sórí tábìlì mi, ẹ ní, “Sísítà Stella, ẹ ò nílò kí ẹ dìde. Ẹ kàn kọ àṣẹ síbí, òṣùwọ̀n á gbọ́.” Ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí màá tẹ̀ kó lè sọ iye tó wọ̀n, ẹ sì kọ́ mi ní èyí tí màá tẹ̀ kó padà sí òdo. Bó ṣe ń dáhùn ni ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí yín. Ẹ parí iṣẹ́, ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ ò tiẹ̀ bèèrè nọ́ńbà mi. Ẹlòmíì ì bá gbàdúrà sí i. Èmi olórí kunkun, àṣẹ ni mo tẹ̀.

Bí Ròkíátù tó ń ṣàyẹ̀wò omi bá ti gbé nǹkan lé òṣùwọ̀n, tó fẹ́ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, màá fi àṣẹ òdo ránṣẹ́ láti orí àga mi. Iye náà á pòórá. Ròkíátù á ní, “Stella, ẹ̀rọ yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ o. Bá mi pe bọ̀dá Ifọ̀.” Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń pè yín. Ẹ máa dé, ẹ máa tú u, ẹ ò ní rí nǹkan kan, màá bu omi tútù fún yín, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ ó lọ. Ìgbà kan ẹ bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Sísítà, ṣé kò sí ẹni tó ń tẹ àṣẹ láti ibí?” Mo fajú ro. Mo ní, “Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Èmi?” Ẹ ní kí n má bínú. Bàbá Ṣèyí, ẹ̀yin lẹ bẹ èmi, lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń ṣẹ̀ yín.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ tí Ọ̀gá Olúsànyà fúnra rẹ̀ dúró tì yín, tó ní kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú òun. Ẹ ti ṣe é tán. Mo rò ó pé tí iṣẹ́ bá fi díẹ̀ pẹ́ sí i títí màá fi ṣíwọ́, a ó jọ rìn dé ibùdókọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo rò. Ẹ gbé irin ìdíwọ̀n, èyí tí a ti mọ bó ṣe wúwo tó, lé e, mo rí iye náà lójú kọ̀ǹpútà mi, ó pé régí. Mo tẹ àṣẹ. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá ní, “Òdo? Irin wà lórí ẹ̀, ó ń sọ òdo? Àdìó, ayédèrú ni ẹ́.” Mo gbọ́ ohùn yín: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó pé tẹ́lẹ̀, ojú mi ló ṣe.” Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀. Gbólóhùn kan ì bá gbà yín sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo padà lọ jókòó. Kó tó dọjọ́ kejì, Ọ̀gá ti pe ilé iṣẹ́ yín, wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ.

Láti ìgbà náà lẹ ti ń yọ búlọ́ọ̀kù fún àwọn tó ń kọ́lé ní Àrẹ̀pọ. Mo wá yín kàn, mo gbé oúnjẹ wá, mò ń tù yín nínú. Èmi tí mo dá ọgbẹ́ sí yín lára ni mo tún ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ dìde níwájú ìjọ, ẹ ní, “Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà, Stella nìkan ló gbà pé mo mọṣẹ́.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sunkún, wọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni. Mo gbà lóòótọ́ pé ẹ mọṣẹ́. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Mo fẹ́ràn yín nígbà náà, mo fẹ́ràn yín lónìí, ṣùgbọ́n mo ti jà yín lólè. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n máa lọ sílé Màámi, ẹrù mi ò pọ̀. Tí ẹ bá ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Olúsànyà àti ilé iṣẹ́ yín, màá lọ, lójú gbogbo wọn. Àmọ́ ilẹ̀ ń ṣú lọ, Mùsáfírù sì ń retí. Fóònù rèé. Ẹ kọ́kọ́ pè é ná, kí ẹ tó dá mi lóhùn.