Fóònù Bùsàrí Lórí Òkè Olókùúta

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó mọ ibi tí oníkálukú wa jókòó sí ní àárọ̀ yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, kó kan àwa náà tí a tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin ìyá wa lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí àmọ́ tí ẹ bá wa pé, ẹ káàbọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Òótọ́ nípa ibi tí èèyàn wà ni. Ibi tí o bá wà, sọ pé ibẹ̀ lo wà. Ó tán.

Ẹ ń wò mí. Ẹ ń sọ nínú ara yín pé, kí ni Àáfáà tún gbé dé yìí? Kí n tó gba máíìkì, fóònù ọkùnrin kan dún níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ fìlà rẹ̀ pupa. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Mo ti wà lójú ọ̀nà, mo ti ń wọ Òṣogbo." Òṣogbo kẹ̀! Ìwó la wà yìí o, lórí ẹní kan náà! Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni nínú wa tí kò ṣe irú ẹ̀ rí? Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín, tiyín ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn.

Ẹ mọ àwọn onítówìn, àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lójú pópó. Láyé àtijọ́, ìyẹn bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ṣéènì kọ́ ọkọ̀ ló ni ín. Ẹ wo wàhálà! Ọkọ̀ kan á bàjẹ́, ọkọ̀ tówìn mẹ́ta á máa sáré bọ̀ wá gbé e, kí a tó wí kí a tó fọ̀, ọkọ̀ mẹ́rin ti bàjẹ́. Mo mọ baba kan tí wọ́n kọ́ ọkọ̀ rẹ̀ níwájú, tí wọ́n tún kọ́ ọ lẹ́yìn, tó ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn dúró tọ̀ ni!"

Ìgbà tó yá, àwọn mọ́kànlá kan lójú ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn yìí, tí oníkálukú wọn ni ọkọ̀ rẹ̀, tí wọn kò sin ọ̀gá kankan, jókòó, wọ́n ní ìjà yìí tó gẹ́ẹ́. Wọ́n gba áàpù sórí fóònù. Bí ọkọ̀ rẹ bá bàjẹ́, wàá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tìrẹ, áàpù á wo onítówìn tó sún mọ́ ọ jù, fóònù ẹni yẹn á dún. Tó bá ti tẹ "Mo gbà", iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Wọ́n wá búra, mùsùlùmí inú wọn àti kìrìsìtẹ́nì inú wọn, pé iṣẹ́ tí fóònù bá fún ẹnì kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, oṣù kan ni wọ́n á fi yọ ọ́ kúrò lórí áàpù. Bí àlàáfíà ṣe dé nìyẹn. Ẹ má sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ni iṣẹ́ èṣù o. Ẹni tó ń lò ó ni kí ẹ wò.

Bùsàrí wà lára àwọn mọ́kànlá yìí. Ẹ má rò pé olè ni. Ó ń kírun, ó ń tọrẹ, sáfù kìíní, ìlà iwájú, ló máa ń wà. Àmọ́ ó fẹ́ràn ìbòòji. Ó ti ṣàkíyèsí pé orí òkè Olókùúta ni ọkọ̀ máa ń kú jù, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ni fóònù á máa pè. Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́? Oòrùn tó ń dín èèyàn láìlo epo! Bùsàrí kò lè jókòó síbẹ̀. Kí ló ṣe? Ó gbé fóònù lọ bá Sìkírátù oníbúrẹ́dì, tó ń tajà lábẹ́ agbòjò lókè níbẹ̀.

Ó ní, "Sìkírá, bá mi fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Tó bá ti dún, tẹ 'Mo gbà', kí o wá pè mí sórí fóònù kékeré mi."

Sìkírátù ní, "Bọ̀dá Bùsàrí, ṣé kò burú báyìí?"

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé mo parọ́ ni? Èmi ò lanu sọ nǹkan kan."

Ẹ gbọ́ o! Kò lanu. Ó rán fóònù níṣẹ́ irọ́, ó wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nílé, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ. Ọlọ́kọ̀ á dúró sójú oòrùn, fóònù á ní, "Bùsàrí ń bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù," kó tó dé, ó ti di wákàtí kan. Àmáánà dà? Ìbúra dà?

Ẹlòmíràn wà lára wọn, Kásúmù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ tówìn tirẹ̀ ti gbó débi pé bó bá ń bọ̀, àdúgbò méjì á ti mọ̀. Kásúmù ń dúró nísàlẹ̀ òkè náà lóòótọ́, lábẹ́ igi kaṣú kan tí kò ní ewé tó apẹ̀rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ló ń wà láti àárọ̀ títí di Aláásárì. Fóònù rẹ̀ kì í sábà dún, nítorí Bùsàrí ló ń sún mọ́ gbogbo èèyàn jù. Ìyàwó rẹ̀ ní kó wá ibòmíràn lọ. Kásúmù ní, "Ẹni tó mọ ibi tí mo wà kò ní gbàgbé mi." Súúrù rẹ̀ wù mí, mi ò ní í parọ́. Èmi ì bá ti fìbínú ju fóònù náà sódò.

Ó wá di ọjọ́ yìgì Rùkáyàtù, àkọ́bí Bùsàrí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ so yìgì náà. Bùsàrí wọ àgbádá funfun, ó jókòó síwájú, ojú rẹ̀ ń dán. Ǹjẹ́ ẹ rò pé ó lọ gba fóònù rẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ náà? Rárá. Irọ́ náà ti mọ́ ọn lára débi pé kò tiẹ̀ rántí mọ́ pé irọ́ ni. Fóònù kékeré ńkọ́? Èmi fúnra mi ni mo ní kí gbogbo wa pa fóònù wa.

Ìbàdàn ni ìyàwó ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti lé làálì fún un, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n dé ìdajì òkè Olókùúta, ọkọ̀ wọn rú èéfín, ó kú. Rùkáyàtù tẹ áàpù. Ó rí i lójú fóònù: "Bùsàrí ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù." Ọmọ náà fò sókè. "Bàbá mi ni! Bàbá mi ló wá pàdé mi lọ́nà!" Ọlọ́kọ̀ kan dúró, ó ní òun á gbé wọn. Rùkáyàtù ní, "Ẹ ṣeun, sà, bàbá mi ń bọ̀." Èkejì dúró. "Ẹ ṣeun, mà, bàbá mi ń bọ̀." Ẹ wo bí ọmọ ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bàbá! Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ṣì kù. Ó pe fóònù kékeré bàbá rẹ̀, kò wọlé. Ó di wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ni. Bí mo bá ti dé ibí yìí nínú ìtàn yìí, àánú ọmọ yẹn máa ń ṣe mí.

Ní mọ́sáláṣí, àwọn ẹbí ọkọ tó wá láti Ẹdẹ ti ń wojú ara wọn. Àǹtí ọkọ ìyàwó ní, "Àbí ọmọ yìí kò fẹ́ mọ́ ni?" Bàbá àgbà wọn gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ní, "Bí a bá kí ìrun Àìlá tán tí a kò rí ìyàwó, ilé yá." Ọkọ ìyàwó ń làágùn bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì. Bùsàrí dìde, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ tèmi kì í já èèyàn kulẹ̀."

Níbi tí Kásúmù wà nísàlẹ̀, fóònù rẹ̀ ti sọ fún un pé Bùsàrí ti gba iṣẹ́ kan. Ó wòkè títí, kò rí ọkọ̀ tówìn kankan. Òfin ní kó má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á, ó wakọ̀ lọ síbẹ̀. Ó bá ìyàwó tó jókòó sórí òkúta, tó fi ìbòrí nu òógùn.

"Ìyàwó, ta lẹ ń retí?"

"Bàbá mi ni, sà. Onítówìn ni wọ́n. Ẹ wò ó, wọ́n ti wà lókè níbẹ̀ yẹn."

Kásúmù wo fóònù, ó wo òkè. Agbòjò Sìkírátù àti búrẹ́dì ló rí. Ó wá yé e, gbogbo oṣù tí fóònù rẹ̀ fi dákẹ́ wá yé e. Ẹ̀yin jàmáà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Bó bá ní, "Onírọ́ ni bàbá rẹ," òótọ́ ni, àmọ́ ó ti ba ọmọ lọ́kàn jẹ́ lọ́jọ́ yìgì rẹ̀. Bó bá ní, "Bàbá rẹ ló rán mi," ó ti parọ́. Kásúmù ní, "Ọmọ mi, mo mọ bàbá rẹ. Jẹ́ kí n gbé ọ lọ bá wọn."

Sùbúhánà-llàhì! Ẹ tún un gbọ́. Kò parọ́, kò tú àṣírí.

Bí mo ṣe ń múra láti pe ìrun ni a gbọ́ ariwo ọkọ̀ Kásúmù. Ìyàwó wà níwájú ọkọ̀ tówìn, ọkọ̀ tiwọn ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ṣéènì. Àwọn ìyá figbe ayọ̀ ta. Bùsàrí sáré jáde. Rùkáyàtù kò bínú, ó kàn ń wò ó.

"Bàbá mi, ta ló wà lórí òkè Olókùúta?"

"Òkè wo?"

Ó kọjú fóònù sí i. "Ẹ wò ó. Ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù kí ẹ dé ọ̀dọ̀ mi."

Gbogbo ojú yí sí Bùsàrí. Ẹ sì mọ ẹnu mi, kì í lè dákẹ́. Mo ní, "Bùsàrí, a ò mọ̀ pé o ti di wàlíyù, tó wà lórí òkè, tó tún wà níwájú Àáfáà." Ẹ̀rín sọ. Bùsàrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí eruku ti bo làálì rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Rùká, mo fi ọ́ sójú oòrùn." Ó yíjú sí Kásúmù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú àgbádá. Ó ní, "Mo túúbá."

Kásúmù fà á dìde. "Bọ̀dá, ẹ má ba aṣọ jẹ́. Ìyàwó ti dé."

Mo so yìgì náà kí a tó kírun. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, bàbá àgbà ará Ẹdẹ jó. Lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú àgbádá yẹn, Bùsàrí gun òkè lọ gba fóònù rẹ̀. Sìkírátù ní, "Mo pè yín títí!" Bùsàrí fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ fún àwọn onítówìn tó kù. Wọ́n yọ ọ́ fún oṣù kan, wọ́n sì fojú fo ti Kásúmù. Nígbà tó padà, ó kọ́ àtíbàbà sórí òkè náà, ó ń jókòó síbẹ̀ ní tòótọ́, òun àti Kásúmù jọ ń pín ojúmọ́. Oòrùn ti sọ ọ́ di dúdú, àmọ́ ó ní oorun òun dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Lọ́jọ́ yìgì yẹn, Bùsàrí pè mí láàárọ̀. Mo ní, "Mo ti dé ẹnu géètì." Ẹ̀yin jàmáà, ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ nílé! Èmi tí mo pè é ní wàlíyù, wàlíyù ni èmi náà. Ṣé irọ́ kékeré ni? Ẹnì kan á máa dúró dè ọ́ lórí irọ́ kékeré yẹn. Ìwọ kò rí oòrùn tó ń pa á. Ọba tó ń wo ẹ̀yin méjèèjì rí i. Àwa tí ara wa wà ní sáfù, tí ọkàn wa wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí la fẹ́ wí ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀?

Ẹ̀yin onífìlà pupa, ẹ pe ẹni yẹn padà. Ẹ sọ fún un pé Ìwó lẹ wà. Kò ní pa yín.

Ọlọ́run Ọba, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Fi àlùbáríkà sínú yìgì Rùkáyàtù àti sínú ọwọ́ Kásúmù. Má jẹ́ kí orúkọ wa wà níbi tí ara wa kò sí. Bí ọmọ wa bá sì ń retí wa lójú ọ̀nà, jẹ́ kó bá wa níbi tí a ní a wà. Àmín.